Rédíò Tó Sọ Ohun Tí Orrin Fẹ́ Gbọ́

Rédíò méjì ló wà lójú fèrèsé ilé ìdáná wa. Wọ́n jókòó síbẹ̀ bí orogún: tí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, a ó pa èkejì. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ láti apá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí òkè wà; èkejì ń sọ̀rọ̀ láti apá ìlà oòrùn, létí odò ńlá. Ilẹ̀ tiwa wà láàárín, a ò sí nínú ti ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń ka ojú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú nígbà ìrúwé, ẹni tó bá lẹ́ran gbọ́dọ̀ gbọ́ méjèèjì, kó sì gba èyí tó burú jù gbọ́. Gbogbo ará Haldor, ìlú wa, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orrin ọkọ mi gan-an ló kọ́ mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Britta, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ti padà wálé. Ìlú ńlá ló wà tẹ́lẹ̀, tó ń fọ eyín fún àwọn èèyàn lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, ó sì ń jẹun dáadáa níbẹ̀. Ṣàdédé ló ní àgùntàn lòun fẹ́ máa sìn. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà lo gbogbo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa, ó ń gbé koríko fún ẹran nínú yìnyín tó muni dé orúnkún, kò ráhùn. Nígbà tó di ọjọ́ Àjíǹde, Orrin gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó ní, "Tí àwọn abo bá ti bímọ tán lọ́dún yìí, agbo di tìẹ. Orúnkún mi ò gbé e mọ́." Britta dìde, ó lọ ń fọ abọ́ tí a ò tíì jẹun tán nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá bá mi nílé adìyẹ.

"Mọ́mì, mo ti gbé ilé tí mò ń gbé lọ́hùn-ún sílẹ̀. Ẹran tí ìyá Dádì sìn sílẹ̀ nìyí, kò síbi tí mo ti lè ra irú wọn. Tí agbo yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Eyín ni màá padà lọ máa fọ̀."

"Kò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ," mo ní. Kí ni mo mọ̀?

Ní tiwa níbí, kí abo àgùntàn tó bímọ la ti ń rẹ́ irun rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ìkà ni wá. Àmọ́ àgùntàn tó wọ irun rẹ̀ bí ẹ̀wù kì í mọ̀ pé òtútù ń mú; gbangba ìta ló máa bímọ sí, ọmọ á sì gan mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀. Èyí tí a bá ti rẹ́ irun rẹ̀, òun gan-an ni òtútù á kọ́kọ́ mú, á sá wọ abẹ́ òrùlé, ọmọ á sì tètè rí ọmú. Ọgbọ́n tó dára ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí irun bá kúrò, ìhòòhò ni ẹran náà wà. Òtútù gbígbẹ ò ṣe é ní nǹkan kan. Òjò tútù pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ló ń pa á, kì í sì í pẹ́ pa á.

Merrill àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń rẹ́ irun fún gbogbo agbègbè wa. Wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, olúkúlùkù ló sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fo ọjọ́ rẹ̀, ìparí pátápátá ló ń lọ, ìgbà tí wọ́n bá sì fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn ẹran á ti bímọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tiwa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, rédíò apá òkè la kọ́kọ́ tàn. Ó ní oòrùn á ràn títí di Ọjọ́rú, lẹ́yìn náà ìjì kan ń bọ̀ láti orí òkè: òjò tútù tó máa di yìnyín, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ líle, kí àwọn olówó ẹran tètè wá ibi kó ẹran wọn sí. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí Orrin fi pa á. Ó tan ti ìlà oòrùn. Ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ náà á dára, á móoru, bóyá òjò díẹ̀ á ta níbì kọ̀ọ̀kan tí ọ̀sẹ̀ bá ń parí lọ. Orrin mi orí pé ó dára, ó na ọwọ́ mú kọfí rẹ̀.

"Dádì, ẹ ò jẹ́ kí èkíní parí ọ̀rọ̀ ẹ̀," Britta ní.

"Mo ti mọ ibi tó ń lọ. Ọdọọdún ló máa ń pariwo ìjì."

Nígbà tí a jáde nínú ìsìn, a jókòó nídìí kọfí bí a ṣe máa ń ṣe, níbi tí àwọn ọkùnrin Haldor ti ń fọwọ́ pààlà fún ojú ọjọ́ bí ẹni pé àwọn ló dá a. Verlyn Haugen, aládùúgbò wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fa àga tọ Orrin lọ.

"Mo gbọ́ pé Túsìdé ni tìẹ. Èmi ti sọ fún Merrill pé kó fò mí."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́ ni."

"Ó ń bà mí, kí ló dé? Ẹ̀rù ò pa àgùntàn mi rí."

"Ọmọ tó ń ka ojú ọjọ́ nínú rédíò òkè yẹn, ṣé ó tiẹ̀ ti fojú kan àgùntàn rí?"

"Kò fojú kàn án rí, àmọ́ ó mọ ọ̀nà tí ìjì ń gbà."

"Ti ìlà oòrùn náà kàwé. Òun ní ó máa dára."

Verlyn wò mí, ó wo Britta, ó bu kéèkì sẹ́nu. "Á dára ní ìlà oòrùn, mo gbà. Ọkọ̀ wo lo máa wá fi kó àgùntàn ẹ lọ síbẹ̀?"

Àwọn àgbà tó wà nídìí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Orrin ò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, torí ọkùnrin tí wọ́n bá ti fi rẹ́rìn-ín nídìí kọfí ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà mọ́. Á kúkú jẹ́ kí ilé wó.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí a ń lọ sílé, Britta tún bẹ̀rẹ̀.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká fò ó. Tẹ́ ẹ ò bá sì fẹ́ fò ó, kí wọ́n lo òòyà gíga."

Òòyà gíga ni èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu ẹ̀rọ kó lè ṣẹ́ irun díẹ̀ kù sára ẹran, bí ẹni wọ síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Òòyà gíga! Kí àgùntàn mi wá dà bí ẹni tí onígbàjámọ̀ sá fi sílẹ̀ láàárín? Irun tèmi máa ń gùn, ó máa ń mọ́, àwọn tó ń rà á mọ̀ ọ́n. Britta, agbo yìí ò tíì di tìẹ. Ìkẹyìn mi rèé. Jẹ́ kí n ṣe é bó ṣe yẹ."

Britta kọjú sí fèrèsé. Inú ń bí mi, ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, àmọ́ "ìkẹyìn mi" tó sọ yẹn ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Oòrùn ràn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun bí ẹni pé a bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Merrill gbé òòyà méjèèjì dání, ó wo Britta, ó wo bàbá rẹ̀.

"Èwo ni?"

"Èyí tó ń rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀," Orrin dáhùn.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgùntàn ń jáde lẹ́nu ọ̀nà ní funfun bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, oyún wọn hàn gbangba. A ń ki irun bọ inú àwọn àpò gígùn, Orrin sì bọ́ sínú àpò fúnra rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ irun náà mọ́lẹ̀, ó ń kọrin. Orúnkún ò dùn ún lọ́jọ́ yẹn. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti to gbogbo àpò irun sínú ilé katakata, Merrill àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì ti bá tiwọn lọ.

"Vonnie," Orrin pè mí, "ṣé o rí ìjì kankan?"

Mo ní mi ò rí i.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mò ń sá aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà. Aṣọ tó ń fẹ́ sí ọ̀nà títì kọjú sí ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sáré wọlé, mo tan rédíò apá òkè. Ó ní ìjì náà yára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Mo tan ti ìlà oòrùn, òun náà ti yí ohùn padà. Orrin dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ méjèèjì parí.

"Mélòó ló máa gba inú ilé ẹran?" mo bi í.

"Ìdajì."

"Ìdajì tó kù ńkọ́?"

Ó na ọwọ́ mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

A bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn. Ilé ẹran kún títí ilẹ̀kùn ò fi ṣe é tì mọ́. A ti ọkọ̀ síta, a kó àgùntàn síbi tó wà. A kó wọn sílé adìyẹ, a kó wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí èmi LaVonne ti máa ń lé ajá pàápàá jáde. Verlyn gbé tírélà rẹ̀ wá, ó kó àwọn kan lọ sí ilé ẹran tirẹ̀. Nígbà tó ń padà bọ̀ láti wá kó sí i, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, tírélà rì dé àárín táyà. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ rárá lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. A ò sì lè da ẹran fẹsẹ̀ rìn lọ bá a, torí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá nilé rẹ̀ wà, àgùntàn kì í kọjú sí ìjì. O lè nà án pa, kò ní lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, òjò náà ṣì ń rọ̀. Kì í ṣe òjò aláriwo. Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló ń rọ̀, ó tutù, afẹ́fẹ́ sì ń gbá a wọni lára. Àwọn àgùntàn tó kù síta kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ibi tí ìjì bá ń lọ ni wọ́n ń bá a lọ, títí nǹkan á fi dá wọn dúró. Igun ọgbà wáyà tó wà nísàlẹ̀ ló dá tiwa dúró. Èyí tó wà níwájú dúró, èyí tó wà lẹ́yìn ń bọ̀, wọ́n ń gun ara wọn lórí. Tí àgùntàn bá ti gun ara wọn báyẹn, ti ìsàlẹ̀ ò ní rí atẹ́gùn mí sínú.

Òjò ti di yìnyín nígbà tí mo dé ibẹ̀. Britta wà láàárín wọn, ó ń fa ẹran kúrò lórí ẹran. Ó fa ọ̀kan, méjì míì gun ibẹ̀.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká gé wáyà! Kí wọ́n máa lọ!"

"Inú adágún ni wọ́n máa lọ já sí!"

Òótọ́ ni. Adágún tí ẹran ti ń mumi wà nísàlẹ̀ níwájú wáyà yẹn, omi dídì tó bò ó lójú sì ti rà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé. Kò lè gbé ajá, ká má tíì sọ àgùntàn olóyún.

"Kí la wá fẹ́ ṣe? Dádì! Kí la fẹ́ ṣe?"

  Orrin kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ó gbé orí àgùntàn kan lé itan, ó ń fọwọ́ nu yìnyín kúrò lójú rẹ̀. Àgùntàn náà ti kú. Mo sọ fún un pé ó ti kú. Kò dáwọ́ dúró.

Mo ké sí Ọlọ́run níbẹ̀, mi ò sì fi ohùn ọmọlúàbí ké sí i. Mo ní ṣé torí ẹ̀rín nídìí kọfí lo ṣe máa gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi? Mo ní ìwọ náà gbọ́ rédíò méjèèjì, o ò ṣe dí etí ọkọ mi sí èyí tó dùn?

Nígbà tí mo gbójú sókè, Britta ti ń sáré lọ sí apá ilé. Mo rò pé ó ti sú u, pé ó ń lọ. Mi ò lè bá a wí. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ìró katakata. Ó wà á jáde, ó fi fa tírélà koríko, ó sì ti ki àpò irun lé tírélà náà débi tó lè gbà.

Orrin rí i. Ó dìde, ó lọ dúró síwájú katakata, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Irun odidi ọdún kan nìyẹn! Tó bá ti rin báyìí, ó ti bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa rà á!"

"Dádì, ẹ kúrò lọ́nà."

"Britta, mo ní agbo yìí ò tíì..."

"Ẹ kúrò lọ́nà! Ẹ ní kò tíì di tèmi. Ó dáa, ẹ wẹ̀yìn yín. Èwo ló máa kù níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ fún mi?"

Mi ò gbọ́ kó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Orrin wẹ̀yìn lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tírélà kọjá, ó sì dì í mú lẹ́yìn, ó ń bá a sáré bọ̀.

A to àwọn àpò náà sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, ọ̀kan lórí èkejì. Àpò kan wúwo ju èèyàn lọ, mi ò mọ ibi tí a ti rí agbára tí a fi gbé wọn. Britta tún padà lọ, ó tún kó òmíràn wá. Ní ẹ̀yìn ògiri náà, àwọn ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí ara wọn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ṣubú ò lè dìde. Wọ́n ń gbọ̀n, àwọn míì ò tiẹ̀ gbọ̀n mọ́, èyí sì burú ju gbígbọ̀n lọ.

Orrin fa ọ̀bẹ yọ lápò, ó dọ́bẹ dé àpò irun kan, ó là á láti òkè délẹ̀. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó bu irun náà ní ìwọ̀n àpá méjèèjì, ó kì í bọ abẹ́ àgùntàn kan, ó fi òmíràn bò ó, ó bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ ń já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, irun ń fò lọ, títí a ò fi mọ èyí tó jẹ́ irun àti èyí tó jẹ́ yìnyín mọ́. Ó tún ń bu òmíràn.

"Ẹ gba nǹkan yín," ó ń sọ fún wọn. "Ẹ gba nǹkan yín, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbà á padà."

Èmi àti Britta náà bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. Mò ń sunkún, mi ò sì nu ojú.

Ìjì náà ò dá títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Nínú àwọn tó wà níta, ìdá kan nínú mẹ́ta kú. Àwọn míì yè, àmọ́ oyún bàjẹ́ lára wọn. Àwọn tí a kó sábẹ́ òrùlé yè, àwọn tó wà lọ́dọ̀ Verlyn náà yè. Kò sí irun ọdún yẹn mọ́, ó ti di ẹrẹ̀. Britta àti bàbá rẹ̀ ń wọ́ òkú ẹran jọ láti ọ̀sán yẹn títí tí ilẹ̀ fi ṣú.  

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wà ní ilé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ ohùn Britta lórí fóònù nínú yàrá.

"Ṣé ẹ ti gba ẹlòmíì sípò mi?" Ọ̀gá rẹ̀, oníṣègùn eyín, ló pè. "Ẹ ṣeun, sà. Màá fún yín lésì lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Mo gbé abọ́ ọwọ́ mi sílẹ̀ kó má baà bọ́.  Kí ni mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró?

Ọjọ́ Àìkú tún dé. A ò lọ sí ìsìn. Orrin tan rédíò apá òkè, ó jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó pa á, ó tan ti ìlà oòrùn, ó jẹ́ kí ìyẹn náà parí. Àwọn méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dára, oòrùn á ràn láti òkè dé odò. Orrin jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Britta ń wo inú kọfí rẹ̀.

Fóònù dún. Merrill ni. Ní gbogbo ọdún, ó máa ń pe ilé kọ̀ọ̀kan láti mọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kóun wá lọ́dún tó ń bọ̀, olówó agbo nìkan ló sì máa ń bá sọ̀rọ̀. Kì í gbọ́ ti ìyàwó, kì í gbọ́ ti ọmọ, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ irun ti ba etí rẹ̀ jẹ́ tipẹ́, nítorí náà igbe ló máa ń ké lórí fóònù, gbogbo wa ló ń gbọ́ ọ.

"Orrin, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó yẹ kí n béèrè. Lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé kí n ṣì kà yín mọ́ ọn, àbí kí n yọ yín kúrò?"

Orrin mí kanlẹ̀. "Merrill, èmi kọ́ lo máa bi. Dúró kí o bá olówó agbo sọ̀rọ̀."

Ó na fóònù sí Britta.

Britta ò gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ ti sán, èékánná kan ti ká kúrò. Ó wo fóònù, ó wo fèrèsé, níbi tí òkìtì òkú ẹran tí a fi tapólì bò wà lẹ́bàá ọ̀nà. Orrin ò sọ fóònù kalẹ̀. Èmi ń wo ẹnu ọmọ mi, Mọ́ńdè sì wà lọ́kàn mi.

"Hẹ́lóò?" Merrill ké. "Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?"

Britta gba fóònù.

"Èmi ni, Britta. Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó ti kọfí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ fi wá sí ọjọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ wa náà. Àmọ́ tí mo bá pè yín lọ́jọ́ Sọ́ńdè pé kẹ́ ẹ má wá, ẹ má wá. Òòyà gíga lẹ sì máa mú dání." Merrill bi í bóyá Orrin ló ní kó sọ bẹ́ẹ̀. "Rárá o. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Tí Dádì bá pè yín láti yí i padà, ẹ má dá a lóhùn."

Orrin mi orí pé òun gbà. Ó dìde, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó jáde. Mo rò pé òkú ẹran ló tún lọ kó. Nígbà tí mi ò gbọ́ ìró katakata, mo lọ sójú fèrèsé. Ó wà létí ọgbà, ó ń já irun tó há sára wáyà, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń kì í sápò ẹ̀wù rẹ̀. Irun tó ti rin, tó ti dọ̀tí, tí ẹnikẹ́ni ò ní rà.

Britta wá dúró tì mí.

"Mọ́mì, kí ni Dádì fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mi ò mọ̀."

Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀, ó jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já irun láti ìdí wáyà lápá kejì, ó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀.